Ohun Tí Ẹ Lè Ṣe Nígbà Tí Áàpù Bá Kọ̀ Láti Wọlé Sórí Kọ̀ǹpútà Yín

Nígbà tí áàpù bá kọ̀ láti wọlé, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ka ohun tí kọ̀ǹpútà kọ síwájú wọn kí wọ́n tó ti àpótí ìkìlọ̀ náà pa. Wọ́n á tún tẹ fáìlì náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, nígbà tó bá sì yá, wọ́n á lọ wa áàpù míì tó lóun máa tún gbogbo nǹkan ṣe jáde, èyí tó sábà máa ń dá kún wàhálà ọ̀hún. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kọ̀ǹpútà kì í ṣàdédé kọ áàpù. Ó lè jẹ́ pé fáìlì tí ẹ wà jáde (download) kò pé, tàbí pé áàpù náà kì í ṣe irú èyí tí kọ̀ǹpútà yín lè lò. Ó lè jẹ́ pé àyè ti tán, pé ẹ ò ní àṣẹ, pé iṣẹ́ míì ń lọ lọ́wọ́, pé ìyókù áàpù àtijọ́ ṣì wà nílẹ̀, pé ohun tí áàpù náà gbára lé kò sí, tàbí pé ohun tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà ló dí i lọ́nà. Ohun tó kù lẹ́yìn ìwọ̀nyí kò pọ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí kò gba wàhálà, tí kò sì lè ba nǹkan kan jẹ́, kí ẹ máa ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dán áàpù náà wò lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá yí nǹkan márùn-ún padà lẹ́ẹ̀kan náà kò ní mọ èyí tó yanjú ọ̀rọ̀, bí nǹkan bá sì tún burú sí i, kò ní mọ èyí tó fà á. Windows ni mo máa sọ̀rọ̀ lé lórí jù, torí òun ló wà lórí ọ̀pọ̀ jù lọ kọ̀ǹpútà ilé, àmọ́ mo máa mẹ́nu ba Mac àti Linux níparí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ ka ìkìlọ̀ náà, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀

Bí ìkìlọ̀ bá ti yọ, ẹ má tíì tẹ ohunkóhun. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, tàbí kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lórí Windows, tí ẹ bá tẹ Ctrl àti C pa pọ̀ nígbà tí àpótí ìkìlọ̀ ṣì wà lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀pọ̀ irú àpótí bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe ẹ̀dà ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, tí ẹ sì lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibòmíì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tó máa hàn sí yín pé ó ti ṣe é. Ohun tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni nọ́ńbà, irú bí 1603, 1618, tàbí èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0x. Ọ̀rọ̀ tó yí nọ́ńbà náà ká lè má yé èèyàn, ó sì lè yàtọ̀ láti èdè kan sí òmíràn, àmọ́ nọ́ńbà náà kì í yí padà.

Ẹ tún kíyè sí ibi tí nǹkan ti dúró, torí ìyẹn nìkan máa ń dín ìwádìí kù gan-an. Tí fáìlì náà kò bá tiẹ̀ ṣí rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé fáìlì náà ti bàjẹ́, pé kò bá kọ̀ǹpútà yín mu, tàbí pé ohun kan ń dí i lọ́nà. Tó bá ṣí, tó ń lọ, tó wá dúró láàárín, ọ̀rọ̀ àyè, àṣẹ, iṣẹ́ míì tó ń lọ lọ́wọ́ tàbí ìyókù áàpù àtijọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Tó bá sì wọlé tán pátápátá, àmọ́ tí kò ṣí nígbà tí ẹ fẹ́ lò ó, ó sábà máa ń jẹ́ pé ohun kan tó gbára lé ni kò sí. Ìṣòro mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, àmọ́ “kò wọlé” làwọn èèyàn máa ń pe gbogbo wọn, ìyẹn sì wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ ṣìnà.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ tẹ “Restart”, kì í ṣe “Shut down”

Ìmọ̀ràn yìí ti sú ọ̀pọ̀ èèyàn, àmọ́ ó nídìí. Nígbà tí Windows bá ń ṣàtúnṣe ara rẹ̀, àwọn fáìlì kan wà tí kò lè pààrọ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́, ó sì máa ń fi wọ́n sílẹ̀ di ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn áàpù kan kì í gbà láti wọlé nígbà tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ṣì wà nílẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé lórí Windows 10 àti 11, “Shut down” lè má pa Windows tán. Ètò kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Fast Startup, tó máa ń tọ́jú apá kan lára ohun tó ń ṣiṣẹ́ sórí dísìkì kí kọ̀ǹpútà lè tètè tàn nígbà míì. “Restart” ló máa ń bẹ̀rẹ̀ ohun gbogbo látìbẹ̀rẹ̀. Torí náà, ẹni tó ní òun ti pa kọ̀ǹpútà òun, òun sì ti tún un tàn, lè má tíì ṣe ohun tí a ní kó ṣe.

Tó bá jẹ́ nọ́ńbà 1618 lẹ rí, ohun tó ń sọ ni pé Windows Installer, ìyẹn apá Windows tó ń bójú tó fífi áàpù sórí kọ̀ǹpútà, ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ kan, kò sì lè ṣe méjì pa pọ̀. Ẹ fún un láyè díẹ̀, torí ó lè jẹ́ áàpù míì ló ń ṣàtúnṣe ara rẹ̀ láìsọ fún yín. Nọ́ńbà 3010 kì í tiẹ̀ ṣe àṣìṣe: áàpù náà ti wọlé, “Restart” ló kù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ yẹ fáìlì náà wò

Ẹ wo orúkọ fáìlì náà dé ìparí. Tó bá parí pẹ̀lú .crdownload tàbí .part, kò tíì wọlé tán nìyẹn. Ó ṣì ń bọ̀ lójú ọ̀nà, tàbí kó jẹ́ pé íntánẹ́ẹ̀tì já kó tó parí. Tó bá parí pẹ̀lú .zip, fáìlì tí wọ́n dì pọ̀ ni. Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, kí ẹ yan “Extract All”, kí ẹ sì wá ṣí fáìlì setup láti inú fódà tuntun tó bá yọ. Ọ̀pọ̀ ló máa ń tẹ setup nínú zip láìtú u. Windows á mú ẹyọ fáìlì yẹn nìkan jáde, á fi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, áàpù náà á wá máa sọ pé òun ò rí fáìlì kan tó wà níbẹ̀ ní tòótọ́.

Nọ́ńbà 1619 túmọ̀ sí pé Windows kò lè ṣí fáìlì tí ẹ fún un. Tó bá jẹ́ orí USB tàbí orí kọ̀ǹpútà míì nínú ilé ló wà, ẹ kọ́kọ́ gbé ẹ̀dà rẹ̀ wá sórí dísìkì kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ tó ṣí i. Ó tún dáa kí ẹ mọ̀ pé USB tí wọ́n ṣètò sí FAT32 kò lè gba ẹyọ fáìlì kan tó bá tó 4 GB, bó ti wù kí àyè tó wà lórí rẹ̀ pọ̀ tó.

Tí ẹ bá fura sí fáìlì náà, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ tún un wà jáde láti ìkànnì ẹni tó ṣe áàpù náà gan-an. Ẹ ṣọ́ra fún ìpolówó tó máa ń wà lókè nígbà tí ẹ bá wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti fún ìkànnì tó ní bọ́tìnì “Download” mẹ́rin tàbí márùn-ún lójú kan. Tí ẹni tó ṣe áàpù náà bá kọ SHA-256 fáìlì rẹ̀ síta, ìyẹn òǹkà tó ní àmì 64 tí a fi ń dá fáìlì mọ̀, ẹ lè fi ti yín wé e. Ẹ ṣí Command Prompt, ìyẹn ibi tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ kíkọ pàṣẹ fún Windows, nínú fódà tí fáìlì náà wà, kí ẹ sì kọ èyí:

certutil -hashfile setup.exe SHA256

Ẹ fi orúkọ fáìlì yín rọ́pò setup.exe. Bí àmì kan ṣoṣo bá yàtọ̀, fáìlì náà kì í ṣe ohun tí wọ́n gbé síta, ẹ má sì ṣí i.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ṣé áàpù náà bá kọ̀ǹpútà yín mu?

Ẹ lọ sí Settings, System, lẹ́yìn náà About. Níwájú “System type” lẹ ti máa rí i bóyá Windows yín jẹ́ 32-bit tàbí 64-bit, àti bóyá x64 tàbí ARM ni èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà náà. Windows 64-bit lè lo áàpù 32-bit, àmọ́ Windows 32-bit kò lè lo áàpù 64-bit láé. Windows 11 kò ní ẹ̀yà 32-bit rárá, torí náà orí Windows 10 àti àwọn tó ti pẹ́ jù ú lọ ni ìṣòro yìí ti máa ń wáyé. Nọ́ńbà 1633 ló máa ń yọ, tàbí ọ̀rọ̀ náà “This app can't run on your PC”. Àmọ́ kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ kejì yìí gbọ́, ẹ wo bí fáìlì náà ṣe tóbi tó, torí fáìlì tó ṣófo tàbí tó bàjẹ́ máa ń mú irú ìkìlọ̀ kan náà wá.

Tí ojú ewé About bá sọ pé Windows yín wà ní S mode, kìkì áàpù tó bá wá láti Microsoft Store ló máa gbà. Ẹ lè jáde nínú S mode lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ bá jáde kò lè padà sínú rẹ̀ mọ́. Ẹ sì rántí pé Microsoft ti dáwọ́ dúró lórí Windows 10 láti ọjọ́ 14 oṣù October, ọdún 2025. Ẹ̀yà tuntun áàpù kan lè kọ̀ ọ́ nítorí ìyẹn. Nígbà míì, ẹni tó ṣe áàpù náà ṣì máa ń fi ẹ̀yà àtijọ́ sílẹ̀ lórí ìkànnì rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Àyè

Àyè tí áàpù nílò láti wọlé máa ń pọ̀ ju ìwọ̀n tí wọ́n kọ síta lọ. Fáìlì tí ẹ wà jáde wà níbẹ̀, ó máa tú ẹrù inú rẹ̀ sínú fódà onígbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ló máa wá kó o lọ síbi tó máa wà gan-an. Bí ẹ bá tiẹ̀ ní kó wọlé sórí dísìkì D, fódà onígbà díẹ̀ yẹn sábà máa ń wà lórí C, ìdí nìyẹn tó fi máa ń sọ pé àyè kò sí nígbà tí D ṣófo gbayawu. Nọ́ńbà tiẹ̀ ni 0x80070070.

Ẹ lọ sí Settings, System, Storage, kí ẹ wo “Temporary files”. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o: “Downloads” náà wà lára ohun tí wọ́n tò síbẹ̀, tí ẹ bá sàmì sí i, gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti wà jáde ló máa lọ. Lójú tèmi, kò yẹ kó wà níbẹ̀ rárá. Ẹ tún lè tẹ bọ́tìnì Windows àti R pa pọ̀, kí ẹ kọ %temp%, kí ẹ sì pa ohun tó wà nínú fódà tó ṣí rẹ́. Èyí tó bá kọ̀, ẹ tẹ “Skip”. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ ló dáa jù láti ṣe é, kì í ṣe ìgbà tí áàpù kan ń wọlé lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Àṣẹ, àti àwọn ohun tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà

Nọ́ńbà 0x80070005 túmọ̀ sí pé wọn ò fún yín láṣẹ. Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ fáìlì náà, kí ẹ yan “Run as administrator”. Fáìlì tó bá parí pẹ̀lú .msi kì í ní ọ̀rọ̀ yẹn, torí náà ẹ ṣí Command Prompt fúnra rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, kí ẹ wá kọ msiexec /i pẹ̀lú orúkọ fáìlì náà àti ti fódà tó wà. Tí kọ̀ǹpútà bá béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ kò mọ̀, a jẹ́ pé ẹlòmíì nínú ilé ni alábòójútó kọ̀ǹpútà náà, òun ló sì máa tẹ̀ ẹ́. Àwọn áàpù kan ní ẹ̀yà tó ń wọlé fún ẹnì kan ṣoṣo, èyí tí kò nílò àṣẹ alábòójútó, torí inú fódà ẹni náà ló máa ń wọ̀. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà 1625, ẹnì kan ló dìídì ṣòfin pé kí irú áàpù bẹ́ẹ̀ má ṣe wọlé, bó ṣe máa ń rí lórí kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ tí èèyàn gbé wálé. Ẹ lọ bá ẹni tó ni kọ̀ǹpútà náà, ẹ má wá ọ̀nà ẹ̀bùrú.

Ọ̀rọ̀ náà “Windows protected your PC” yàtọ̀. SmartScreen, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ kan tó wà nínú Windows, ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ohun tó sì ń sọ ni pé òun ò mọ fáìlì náà dáadáa, bóyá torí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde tàbí torí pé àwọn tó ti lò ó kò pọ̀. Ìyẹn kò fi hàn pé ó burú, kò sì fi hàn pé ó dáa. Ẹ tẹ “More info”, ẹ wo orúkọ ẹni tó gbé e jáde. Tí orúkọ náà bá jẹ́ ti ẹni tẹ́ ẹ mọ̀, tó sì jẹ́ pé ìkànnì rẹ̀ gan-an lẹ ti wà á jáde, ẹ lè tẹ “Run anyway”.

Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, áńtífáírọ́ọ̀sì ló máa yọ fáìlì kan kúrò láàárín iṣẹ́ láìpariwo, áàpù náà á wá dúró lójijì. Ẹ ṣí Windows Security, Virus & threat protection, lẹ́yìn náà Protection history, ẹ máa rí ohun tó mú àti ìdí tó fi mú un. Mi ò fara mọ́ ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ pé kí ẹ kàn pa áńtífáírọ́ọ̀sì kí áàpù lè wọlé. Áàpù tó jẹ́ pé ohun àkọ́kọ́ nínú ìtọ́ni rẹ̀ ni kí ẹ pa ohun tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà yín, pàápàá èyí tí wọ́n ń tà tí ẹnì kan wá ń pín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ fi sílẹ̀ níbi tó wà.

Ìgbésẹ̀ keje: Ìyókù áàpù àtijọ́

Nọ́ńbà 1638 ń sọ pé ẹ̀yà míì ti wà lórí kọ̀ǹpútà náà. Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti fi áàpù náà ṣe àti nọ́ńbà tẹ́ ẹ fi rà á, kí ẹ wá lọ sí Settings, Apps, Installed apps, èyí tí Windows 10 ń pè ní Apps & features, kí ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ tẹ “Restart”, kí ẹ tó fi tuntun sí i.

Èyí tó le ni ìgbà tí ti àtijọ́ bá kọ̀ láti kúrò. Ó sábà máa ń jẹ́ pé ẹnì kan ti pa fódà rẹ̀ rẹ́ láti inú Program Files, tó sì rò pé òun ti yọ áàpù náà nìyẹn, àmọ́ tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú Windows. Ohun tó ṣàjèjì díẹ̀, àmọ́ tó máa ń ṣiṣẹ́, ni pé kí ẹ wá ẹ̀yà kan náà gẹ́lẹ́ tó wà tẹ́lẹ̀, kí ẹ tún un fi sórí rẹ̀, kí àwọn fáìlì tó sọnù lè padà bọ̀ sípò, kí ẹ wá yọ ọ́ bó ṣe yẹ. Bí ẹ ṣe máa ṣe nọ́ńbà 1612 náà nìyẹn, torí ohun tó ń sọ ni pé òun ò rí fáìlì tí wọ́n fi gbé áàpù náà wọlé níbẹ̀rẹ̀. Tí fódà kan bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí áàpù náà ti kúrò, ẹ yí orúkọ rẹ̀ padà dípò kí ẹ pa á rẹ́. Tí ohun gbogbo bá wá dáa, ẹ lè pa á rẹ́ nígbà míì. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín lo áàpù tó lóun ń fọ registry, ìyẹn ibi tí Windows ń kọ àwọn ètò rẹ̀ sí, mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ohun tí áàpù náà gbára lé

Tí ìkìlọ̀ bá dárúkọ fáìlì kan tó parí pẹ̀lú .dll, ìyẹn fáìlì ìrànwọ́ tí áàpù máa ń lò, irú bíi VCRUNTIME140.dll tàbí MSVCP140.dll, ohun tó burú jù tẹ́ ẹ lè ṣe ni pé kí ẹ lọ wá ẹyọ fáìlì yẹn lórí ìkànnì tó ń kó dll jọ. Ẹ ò mọ ẹni tó gbé e síbẹ̀, ẹ ò mọ ẹ̀yà tó jẹ́, bó bá sì ṣiṣẹ́ pàápàá, fáìlì míì tó jẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè máa sọnù síbẹ̀. Inú àkójọ kan tí Microsoft ń pín lọ́fẹ̀ẹ́, tó ń jẹ́ Visual C++ Redistributable, làwọn fáìlì náà ti wá, ọ̀pọ̀ áàpù ló sì jọ ń lò ó.

Ẹ lọ sí ìkànnì Microsoft, ẹ wà á jáde níbẹ̀. Tó bá jẹ́ 140 ló wà nínú orúkọ fáìlì tó sọnù, àkójọ kan ṣoṣo tó kó ti ọdún 2015 àti àwọn tó tẹ̀ lé e pọ̀ lẹ máa lò. MSVCR120.dll jẹ́ ti 2013, MSVCR100.dll sì jẹ́ ti 2010. Ti tuntun kò lè rọ́pò àwọn yẹn. Bí Windows yín bá jẹ́ 64-bit, ẹ fi èyí tó ní x64 àti èyí tó ní x86 sí i, torí áàpù 32-bit tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín máa wá ti x86. Nọ́ńbà 0xc000007b sábà máa ń yọ nígbà tí 32-bit àti 64-bit bá dàrú pọ̀ mọ́ra nínú irú nǹkan báyìí. Tẹ́ ẹ bá wo Installed apps, tẹ́ ẹ sì rí Visual C++ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ tó jọra, ẹ má yọ ìkankan: ọdún wọn yàtọ̀, áàpù tó ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀.

Áàpù tó ti pẹ́ lè béèrè .NET Framework 3.5, àkójọ míì tí Microsoft ṣe. Ẹ kọ “Turn Windows features on or off” síbi tẹ́ ẹ ti ń wá nǹkan lórí Windows, ẹ sàmì sí i nínú àpótí tó bá ṣí, kí ẹ sì jẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì wà.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Nígbà tí 1603 bá yọ

Nínú gbogbo nọ́ńbà, òun ló ń bí èèyàn nínú jù, torí kò sọ ju pé iṣẹ́ náà dàrú. Lára ohun tí Microsoft sọ pé ó ń fà á ni pé áàpù náà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé wọ́n ti fi kóòdù àṣírí ti fódà tó fẹ́ wọ̀ (encrypted), tàbí pé Windows fúnra rẹ̀, lábẹ́ orúkọ SYSTEM, kò ní àṣẹ kíkún lórí fódà náà. Láti yẹ ti àṣẹ wò, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ fódà náà, ẹ lọ sí Properties, lẹ́yìn náà Security, ẹ tẹ SYSTEM, kí ẹ sì wò ó bóyá àmì wà níwájú “Full control”.

Tí kò bá jẹ́ ìkankan nínú wọn, ẹ jẹ́ kí Windows kọ gbogbo ohun tó ń ṣe sílẹ̀. Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí alábòójútó nínú fódà tí fáìlì .msi náà wà, kí ẹ kọ:

msiexec /i "setup.msi" /L*V "%temp%\log.txt"

Tó bá dúró, ẹ ṣí log.txt náà. Ó máa gùn, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Ẹ wá “Return value 3” nínú rẹ̀. Ibi àkọ́kọ́ tó bá ti yọ, ẹ ka ìlà mẹ́wàá tàbí ogún tó wà lókè rẹ̀. Ibẹ̀ lẹ sábà máa ń rí orúkọ fáìlì, fódà tàbí iṣẹ́ tó dá ohun gbogbo dúró, ẹ sì lè wá padà sí ìgbésẹ̀ tó kàn án. Tí fáìlì yín bá jẹ́ .exe, ẹ ṣí Event Viewer, ẹ lọ sí Windows Logs, Application, kí ẹ wá ibi tí MsiInstaller ti sọ̀rọ̀ ní àkókò tí àṣìṣe náà wáyé.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: Bó bá jẹ́ Windows gan-an ló ṣàìsàn

Tó bá jẹ́ pé gbogbo áàpù ló ń kọ̀, kì í ṣe ẹyọ kan, ibí yìí ló yẹ kí ẹ wá. Nínú Command Prompt tẹ́ ẹ ṣí gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, ẹ kọ́kọ́ kọ ìlà àkọ́kọ́ yìí, tó bá parí, kí ẹ wá kọ ìkejì:

DISM /Online /Cleanup-Image /RestoreHealth
sfc /scannow

Ohun tó mú kí DISM ṣáájú ni pé òun ló ń tún ibi tí sfc, tó ń fi fáìlì tó dáa rọ́pò fáìlì Windows tó bàjẹ́, ti ń mú fáìlì náà ṣe. Ó lè dúró lójú kan fún ìgbà pípẹ́; ẹ má pa á. Nọ́ńbà 1601 sì ń sọ pé ẹnikẹ́ni kò rí Windows Installer bá sọ̀rọ̀: ẹ ṣí services.msc, kí ẹ wò ó bóyá ẹnì kan ti sọ ọ́ di “Disabled”, torí “Manual” ló yẹ kó wà. Tó bá jẹ́ inú Safe Mode lẹ wà, ìyẹn ìgbà tí Windows tàn pẹ̀lú ìwọ̀nba ohun tó pọn dandan, ẹ jáde níbẹ̀, torí Windows Installer kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bí kò ṣe pé ẹnì kan dìídì ṣètò rẹ̀.

Fún áàpù inú Microsoft Store, ẹ yẹ déètì àti aago wò, torí tí wọ́n bá ṣìnà, kọ̀ǹpútà kò ní lè fọkàn tán ìkànnì tó fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tẹ bọ́tìnì Windows àti R, kí ẹ kọ wsreset.exe, kí ẹ sì dúró kí Store tún ara rẹ̀ ṣí.

Lórí Mac àti Linux

Lórí Mac, tó bá sọ pé òun ò mọ ẹni tó ṣe áàpù náà, ẹ lọ sí System Settings, Privacy & Security, ẹ wo ìsàlẹ̀, ẹ máa rí “Open Anyway”. Ó ti ṣeé ṣe tẹ́lẹ̀ láti tẹ Control pẹ̀lú áàpù náà kí ẹ sì ṣí i, àmọ́ Apple ti mú ọ̀nà yẹn kúrò láti macOS Sequoia, tó jáde lọ́dún 2024. Áàpù 32-bit kì í ṣiṣẹ́ mọ́ láti macOS Catalina, ti ọdún 2019. Tí Mac yín bá ní èròjà tí Apple fúnra rẹ̀ ṣe, tí áàpù náà sì jẹ́ ti Intel, ó máa ní kí ẹ fi Rosetta, ohun tó ń jẹ́ kí áàpù Intel ṣiṣẹ́ lórí irú Mac bẹ́ẹ̀, sí i. Ẹ gbà fún un. Ẹ má sì máa ṣí áàpù láti inú fáìlì .dmg lójoojúmọ́: ẹ wọ́ ọ lọ sínú fódà Applications.

Lórí Ubuntu àti àwọn tó jọ ọ́, tó bá ní òun ò lè rí /var/lib/dpkg/lock-frontend tì, iṣẹ́ míì ló ń lọ lọ́wọ́. Ẹ dúró, ẹ má pa fáìlì náà rẹ́ bí àwọn kan ṣe máa ń gbani nímọ̀ràn, torí ó lè jẹ́ pé àtúnṣe ń lọ lọ́wọ́ lábẹ́lẹ̀. Tí iṣẹ́ kan bá dúró láàárín, sudo dpkg --configure -a ló máa parí rẹ̀, sudo apt --fix-broken install sì máa wá ohun tí áàpù náà gbára lé. Ẹ fún fáìlì AppImage, ìyẹn áàpù Linux tó wà nínú ẹyọ fáìlì kan, láṣẹ kó lè ṣiṣẹ́, ẹ kọ chmod +x pẹ̀lú orúkọ rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ béèrè ìrànlọ́wọ́

Ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ṣe áàpù náà kó tó di pé ẹ nu gbogbo ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín nítorí áàpù kan. Ẹ sọ orúkọ áàpù náà àti nọ́ńbà ẹ̀yà rẹ̀, Windows tẹ́ ẹ ń lò àti nọ́ńbà tó wà níbi About, nọ́ńbà àṣìṣe náà, ibi tí iṣẹ́ ti dúró, àti ìgbésẹ̀ tẹ́ ẹ ti gbé. Ẹ fi log.txt náà ránṣẹ́, àmọ́ kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ wá orúkọ tẹ́ ẹ fi ń wọ kọ̀ǹpútà yín nínú rẹ̀, torí ó máa ń yọ lẹ́yìn C:\Users\ níbi púpọ̀, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ míì rọ́pò rẹ̀.